Ojú Tó Mọ Iyùn: Ohun Ọ̀ṣọ́ ní Ilẹ̀ Ìbàràpá Láti Ìgbà Ifẹ̀ Títí Dé Ìgbà Péálì

Ó ṣòro kí ènìyàn rí ìyàwó tí wọ́n ń ṣe ìdána rẹ̀ ní Èrúwà tàbí ní Ìgbó-Ọrà lónìí tí kò ní kó iyùn sọ́rùn. Iyùn náà lè jẹ́ ti ìyá ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n háyà fún ọjọ́ kan, ó sì lè jẹ́ ike tí wọ́n pa láró pupa ní ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun. Àwọn tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà kì í sábà mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ó dùn mí pé ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí nínú ìtàn ohun ọ̀ṣọ́ ilẹ̀ Ìbàràpá ni pé ayédèrú kò fìgbà kan jìnnà sí ojúlówó, láti ayé ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ títí di ayé péálì tí à ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó yí padà ni ẹni tí ìmọ̀ tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láyé ọjọ́un, ẹni tó ń tà mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń rà náà mọ̀ ọ́n. Lónìí, a ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà.

Ilé-Ifẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí gíláàsì ti yọ́ mọ́ nínú ní ibi tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun. Ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ òyìnbó ń rò pé gíláàsì òkèèrè ni àwọn ará Ifẹ̀ ń kó jọ, tí wọ́n ń yọ́, tí wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ Yorùbá kan wà lára ohun tó já irọ́ náà. Abídèmí Babátúndé Babalọlá, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, wa ilẹ̀ Igbó Olókun láàárín 2010 sí 2012, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 ló sì jáde níbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì àti pàǹtí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà gíláàsì náà wò, wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ gan-an, ní ọ̀nà tí kò bá ti gíláàsì Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu. Àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló po yanrìn àti èròjà yòókù pọ̀, tí wọ́n dáná sí i, tí wọ́n sì fà á di ìlẹ̀kẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. A ti rí ìlẹ̀kẹ̀ tó ní irú èròjà kan náà ní Gao, létí odò Ọya ní ilẹ̀ Mali. Èyí ni pé kí òyìnbó kankan tó fi ọkọ̀ ojú omi dé etíkun wa ni ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ti ń rin ìrìn ọ̀nà jíjìn lọ sí etí aṣálẹ̀.

Nínú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ búlúù àtijọ́ náà, irú kan wà tí ó jẹ́ búlúù bí ó bá wà nílẹ̀, tí yóò sì di àwọ̀ ewé bí a bá nà án sójú oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kò nílò ju ojú rẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lọ. Akori ni àwọn òyìnbó ń pè é nínú ìwé wọn. Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé àwọn ènìyàn òun ń ra ìlẹ̀kẹ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní coris ní agbègbè odò Forcados, tí wọ́n sì ń kó o lọ sí Elmina láti fi gba wúrà. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé ni pé òyìnbó kó ìlẹ̀kẹ̀ wá, ó sì kó ènìyàn àti ẹrù wa lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó gbilẹ̀, òyìnbó ni oníbàárà, ìlẹ̀kẹ̀ apá ibí ni ọjà, wúrà sì ni owó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí èrè tó wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ní Venice, àti lẹ́yìn náà ní Bohemia, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àfarawé rẹ̀. Ìyẹn wà lára ayédèrú tí a kọ́kọ́ gbúròó nínú ìtàn wa, kì í sì í ṣe àwa la ṣe é.

Ìlú méje ni Ìbàràpá: Ìgbó-Ọrà, Ìdèrè, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìgàngàn, Tápà àti Ayétẹ̀. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni, ilẹ̀ ẹ̀gúsí àti iṣu. Kò lókìkí bí Ifẹ̀ nípa iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà láàárín ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọjà ìhà méjèèjì sì ń kọjá lójú rẹ̀. Ohun tó bá dé ààfin Ọ̀yọ́ kì í pẹ́ kó tó dé ọrùn ìjòyè ní Ìbàràpá. Nígbà tí Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826, ó rí Aláàfin tó kó ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì búlúù ńláńlá sọ́rùn. Nígbà náà, Igbó Olókun ti dákẹ́ láti ọ̀rúndún mélòó kan, gíláàsì àwọn òyìnbó sì ti wọ ààfin. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ kan wà ní Ọ̀yọ́ Ilé tí àwọn òyìnbó kò tíì lè gbà lọ́wọ́ wa.

Iṣẹ́ làńtánà ni. Òkúta pupa líle ni làńtánà, àwọn oníṣòwò ló ń gbé e wá láti ìhà Àríwá. Oníṣẹ́ rẹ̀ yóò fọ́ òkúta náà sí wẹ́wẹ́, yóò gé e sí ìrísí tó fẹ́, yóò fi irin tó múná lu ihò sí i, yóò sì fi omi yún un lórí òkúta pẹlẹbẹ títí yóò fi máa dán. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo lè gba àkókò tí ẹlòmíràn yóò fi kọ ebè tó pọ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, àwọn ìdílé tó ń ṣe é kó lọ sí Ìlọrin, Ìlọrin ló sì ń pèsè làńtánà fún ilẹ̀ Yorùbá fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. J. D. Clarke kọ nípa wọn ní 1938, Ann O'Hear náà sì kọ nípa wọn ní 1986. Ohun tó pa iṣẹ́ náà kò ṣòroó mọ̀. Àwọn ará Idar-Oberstein ní Jámánì ń fi ẹ̀rọ gé òkúta, wọ́n sì ń kó o wá sí Áfíríkà. Gíláàsì pupa láti Bohemia tún wá pẹ̀lú owó tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi ọwọ́ yún ìlẹ̀kẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kò lè bá ẹ̀rọ dù ú lórí iye owó.

Mo pẹ́ lórí làńtánà nítorí pé òun ló fi hàn wá dáadáa bí àwọn ìyá wa ṣe ń rajà. Wọn kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Òkúta máa ń tutù lára, kì í sì í tètè gbóná bí a bá dì í mọ́ ọwọ́. Ike máa ń gbóná kíá. Òkúta a wúwo ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Bí wọ́n bá wo inú gíláàsì dáadáa, wọ́n lè rí ìfòfó kéékèèké tí atẹ́gùn fi sílẹ̀ nígbà tó ń yọ́. Òkúta kò ní irú rẹ̀. Ihò tí ọwọ́ ènìyàn lu kì í gún régé, ti ẹ̀rọ a máa gún bí abẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ nǹkan mẹ́rin yìí, kò sí ọlọ́jà tó lè ta gíláàsì fún un bí òkúta, ìbáà jẹ́ ní 1900, ìbáà jẹ́ lónìí.

Iyùn ni ọba gbogbo wọn lójú wa, bẹ́ẹ̀ òkun òkèèrè ló ti wá. Egungun ẹ̀dá inú òkun ni, tí ó ń hù bí ẹ̀ka igi nínú Òkun Mẹditaréníà, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tó mìlímítà kan lọ́dún. Èyí fi hàn pé ìlẹ̀kẹ̀ iyùn kan tó tó àtàǹpàkò ọwọ́ ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nísàlẹ̀ omi kí apẹja tó kó o. Àwọn ará Pọtogí ló gbé e wá sí Ìbíní láti òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ààfin Ìbíní sì sọ ọ́ di ohun ọba tó bẹ́ẹ̀ tí ìtàn ibẹ̀ fi so ó mọ́ orúkọ Ọba Ewuare. Ní 1805, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ iyùn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Torre del Greco, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Naples ní Ítálì, ìlú kékeré yẹn sì di ibi tí wọ́n ti ń gé iyùn fún gbogbo ayé, títí kan ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn oníṣòwò rẹ̀ mọ ohun tí àwa fẹ́: pupa tó jinlẹ̀, tó sì tóbi. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìbàràpá, ìjòyè, ọlọ́rọ̀ àti aya wọn ló ń kó o sọ́rùn. Ọmọ tálákà kì í wọ̀ ọ́ àfi bí wọ́n bá yá a fún un.

Níbi iyùn ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ jù, nítorí òun ni owó ńlá ń lọ sí ní àkókò ìgbéyàwó. Ohun tó pọ̀ jù lọ lọ́jà báyìí jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ike, tó fúyẹ́, tó sì ń yọ́ bí a bá fi orí abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án nítòsí ihò rẹ̀. Ìkejì ni gíláàsì. Ìkẹta ló ṣòro jù: irú iyùn mìíràn láti òkun Éṣíà tó jẹ́ funfun tàbí àwọ̀ eérú nígbà tó wà nínú omi, tí wọ́n wá rẹ sínú aró pupa. Egungun ẹ̀dá òkun ni òun náà, nítorí náà ó máa ń tutù, ó sì wúwo. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni irọ́. Ẹ mú òwú funfun, ẹ fi oògùn tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ fi nu ìlẹ̀kẹ̀ kan. Bí òwú náà bá pupa, aró ni. Ẹ tún wo ojú ihò àti ibi tó bá sán: aró máa ń kó jọ síbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Iyùn gidi máa ń ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ ní gígùn rẹ̀, pupa rẹ̀ kì í sì í jọra délẹ̀délẹ̀ láti ìlẹ̀kẹ̀ kan dé èkejì. Bí gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn kan bá pupa bákan náà, tó tóbi bákan náà, tí owó rẹ̀ sì kéré, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojúlówó ni. Àwọn kan máa ń da omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí wọ́n rí i bó ṣe ń hó. Òótọ́ ni pé iyùn gidi yóò hó, ṣùgbọ́n omi kíkan ń jẹ ẹ́, iyùn tí wọ́n rẹ láró náà yóò sì hó. Kò yẹ kí ẹ ba ohun tí ẹ fẹ́ rà jẹ́ nítorí àyẹ̀wò tí kò yanjú ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ọrùn ìjòyè nìkan ni ìlẹ̀kẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí. Ìgbó-Ọrà ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, láti 2018 sì ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀ tí àwọn àlejò ń wá láti òkè òkun. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá rẹ̀ a máa wẹ̀ ẹ́, a máa bọ́ ọ, a sì máa kó ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn, ọwọ́ àti ìdí rẹ̀ bí ó ṣe ń ṣe fún èyí tó wà láàyè. Àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: pupa pẹ̀lú funfun jẹ́ ti Ṣàngó, funfun báláú jẹ́ ti Ọbàtálá. Ó dá mi lójú pé bí ìyá náà bá ní ìlẹ̀kẹ̀ rere kan, ara ère yìí ni yóò fi sí. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Lágídígba tí wọ́n ń fi èèpo ẹkùrọ́ ṣe náà wà, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí ẹnikẹ́ni lè ní, tí kò gba owó ọba, tí kò sì tijú iyùn.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ìlẹ̀kẹ̀ òkèèrè rọ́ dé. Ilé-iṣẹ́ bíi J. F. Sick ń rán páálí àpẹẹrẹ kiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lórí èyí tí wọ́n to oríṣiríṣi ìlẹ̀kẹ̀ Venice àti Bohemia sí, kí oníṣòwò lè tọ́ka sí èyí tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ di ohun tí owó ọjà ọjọ́ kan lè rà. Àǹfààní wà níbẹ̀, nítorí ọmọ tálákà náà rí nǹkan wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ lọ jàńtìrẹrẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ sì ni ojú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í sú.

Wúrà ló gba ipò lẹ́yìn náà. Òun kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá: wúrà wà nínú ilẹ̀ Iléṣà, ní 2021 ni ilé-iṣẹ́ ìwakùsà Segilola ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kọ́kọ́ yọ́ wúrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìbàràpá, ọ̀nà méjì ló gbé e wọ ilé. Ọ̀nà kan ni ìrìn-àjò Mẹ́kà, tí Alhaja kò ní í ti ibẹ̀ dé láìmú ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí yẹtí bọ̀. Ọ̀nà kejì ni owó epo rọ̀bì, pàápàá lẹ́yìn owó Udoji tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní òpin 1974 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1975, tí olùkọ́ àti akọ̀wé fi lè ra ṣéènì wúrà àti léèsì papọ̀. Ó dùn mọ́ni láti ríi, ó sì bọ́gbọ́n mu, nítorí pé wúrà tí àwọn ìyá yẹn rà nígbà náà ti ṣe wọ́n lóore ju owó tí wọ́n fi sí báńkì lọ. Nígbà tí náírà ṣubú ní 1986, nígbà tó sì tún ṣubú ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wúrà inú àpótí kò bá a ṣubú.

Káráàtì ni wọ́n fi ń mọ bí wúrà ṣe mọ́ tó. 24 kò ní àbùlà, ó sì rọ̀ jù fún òrùka. 22 ní wúrà 916 nínú 1,000, 18 ní 750, 9 kò sì ní ju 375 lọ. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni ẹ óò rí lára ìkọ́ ṣéènì. Ní Ìlú Ọba, òfin Ọba Edward Kìíní ti fi dandan lé àmì orí àmọ̀tẹ́kùn lára fàdákà láti ọdún 1300. Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni tó ní irin ìtẹ̀ lè tẹ 750 sára idẹ. Nítorí náà, nọ́ńbà kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú yín. Ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ wúrà fi ha òkúta dúdú, kí ó kán ásíìdì sí ojú ilà náà: ilà idẹ á pòórá, ti wúrà á dúró. Irin mágínẹ́ẹ̀tì ń fi irin hàn, ṣùgbọ́n kì í fa idẹ, kì í sì í fa bàbà, nítorí náà ohun tí kò bá fà kò tíì di wúrà. Ohun tó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìṣirò. Nígbà tí oúnsì wúrà kan kọjá $3,000 ní oṣù kẹta ọdún 2025, gíráàmù kan èyí tí kò lábùlà ń lọ sí bíi $96, nítorí gíráàmù 31.1 ló wà nínú oúnsì náà. Gíráàmù kan ti káráàtì 18 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyẹn, bíi $72, láìtíì ka owó iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín ní ìdajì iye yẹn kò fẹ́ràn yín. Kì í ṣe wúrà ló ń tà.

Péálì ló dé kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí wa ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí ojú wa tó rí i. Nínú Ìhìn Rere Mátíù, oníṣòwò kan ta gbogbo ohun tó ní láti ra péálì kan. Nínú Súrà Ar-Rahman, péálì àti iyùn ni a dárúkọ papọ̀ pé wọ́n ń jáde láti inú omi. Bí àwọn àlùfáà ṣe ń wàásù rẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà àti Èrúwà, àwọn tó ń gbọ́ mọ iyùn dáadáa. Péálì ni wọ́n ní láti fojú inú wò. Inú ìkarahun ẹ̀dá olómi kan ni péálì ti ń wá. Bí ohun àjèjì bá wọ inú ara rẹ̀, yóò máa fi awọ dídán bò ó ní ìpele ìpele. Láyé àtijọ́, àwọn òmùwẹ̀ ilẹ̀ Bahrain àti Kuwait máa ń wá a nísàlẹ̀ òkun, wọ́n lè ṣí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkarahun kí wọ́n tó rí ẹyọ kan tó dára. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n ju ohunkóhun lọ. Ní 1917, Cartier, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́, gba ilé ńlá kan ní òpópónà Fifth Avenue ní New York, ẹ̀gbà ọrùn péálì olókùn méjì tí wọ́n díye lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n fi gbà á, pẹ̀lú $100 lé e.

Ará Japan kan ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Mikimoto Kokichi, ọmọ ẹni tó ń ta núdù, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìkarahun so péálì ní 1893, ìdajì roboto ni èyí tó kọ́kọ́ rí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ bí wọ́n ṣe ń mú èyí tó roboto pátápátá jáde: wọ́n á fi ẹ̀yọ ìkarahun kékeré tó roboto sínú ẹ̀dá náà, wọ́n á dá a padà sínú omi, òun á sì fi awọ dídán bò ó. Péálì gidi ni. Ènìyàn ló kàn fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1920 sí 1930, ó pọ̀ débi tí ọjà àwọn òmùwẹ̀ Bahrain fi dàrú. Ẹ̀gbà ọrùn tí Cartier fi gbalé kò mú ju $151,000 wá mọ́ nígbà tí wọ́n tún tà á ní 1957. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí làńtánà ní Ìlọrin náà ló ṣẹlẹ̀ sí péálì ní Bahrain. Lẹ́yìn náà ni Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín nínú omi tí kò níyọ̀, tí ìkarahun kan lè so ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí rẹ̀ ni ìyá ìjọ ní Èrúwà fi lè ní péálì gidi lọ́rùn lónìí láìjẹ́ pé ó jẹ gbèsè.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń tà fún ọ̀pọ̀ jùlọ kì í ṣe péálì rárá. Gíláàsì tàbí ike tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dídán ni. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn ju ti iyùn lọ. Ẹ fi péálì ra eyín iwájú jẹ́jẹ́. Gidi máa ń hara bí yanrìn kíkúnná, ayédèrú máa ń yọ̀. Ẹ wo ojú ihò: awọ péálì gidi kì í bó níbẹ̀, ọ̀dà ayédèrú máa ń ṣí bí èèpo ògiri. Péálì gidi a máa tutù nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e sọ́rùn, a máa ní àbàwọ́n kéékèèké, kò sì ní í sí méjì tó jọra pátápátá bí a bá wò wọ́n fínnífínní. Nígbà tó bá dájú pé gidi ni, ẹ wá wo bó ṣe dára tó. Dídán ni àkọ́kọ́: ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ wò ó bóyá ojú iná náà hàn kedere lójú rẹ̀ tàbí ó kàn ń funfun bí ẹ̀fun. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tó mọ́, bó ṣe roboto, àti bó ṣe tóbi. Mo fẹ́ràn kí ènìyàn ra èyí tó kéré tó sì ń dán ju kí ó ra èyí tó tóbi tó kú lójú. Ẹ tún wo okùn náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ so kókó láàárín péálì kọ̀ọ̀kan, kí okùn má baà já kí gbogbo rẹ̀ fọ́nká, kí wọ́n má sì máa ha ara wọn. Ẹ fi lọ́fínńdà sára kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti wọ̀ ọ́, kí ẹ sì nu òógùn kúrò lára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá bọ́ ọ, nítorí pé bí ásíìdì ṣe ń jẹ iyùn ló ń jẹ péálì.

Ó jẹ́ ohun ìbànújẹ́ fún mi pé à ń ná owó sórí ayédèrú òkèèrè nígbà tí òkúta iyebíye wà nínú ilẹ̀ wa. Ní 1998, wọ́n rí tọmálíìnì pupa tó dára gan-an nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì pẹ́ tó fi gba ọjà àgbáyé kan. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó jáde gẹ́gẹ́ bí òkúta tútù, tí wọ́n lọ gé ní òkèèrè. Ilẹ̀ tó bí àwọn tó ń yún làńtánà kò yẹ kó máa ta òkúta láìtíì gé e.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Adeseun Ogundoyin Polytechnic wà ní Èrúwà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà ní Ìgbó-Ọrà. Kí ọ̀kan nínú wọn ṣí yàrá kékeré kan, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n gíráàmù, òkúta ìha-wúrà àti díńgí ìsọ-nǹkan-di-ńlá síbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ohun ọ̀ṣọ́ fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lè gbé e wá fún àyẹ̀wò kí ó tó sanwó. Kí wọ́n pe àwọn ìyá tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní ọjà ìlú méjèèje láti wá kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ wọn ìlẹ̀kẹ̀ wò, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan ti ń kiri ilé dé ilé láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń ra ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn òyìnbó tó ń kó o jọ. Ìdílé tó bá mọ ohun tó wà nínú àpótí ìyá wọn yóò mọ iye tó yẹ kí wọ́n gbà, tàbí kí wọ́n kọ̀ láti tà á.